Àtàǹpàkò Iye Àgbà

Èéfín ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Èéfín pupuru tó máa ń ti ẹ̀yìn ilé wa ní Igbodigo jáde láàárọ̀, tí yóò rọra gba orí páànù kọjá, tí yóò sì wọ inú aṣọ, inú irun, àti inú ìwé mi pàápàá. Títí mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bí mo bá ṣí ìwé tí mo gbé kúrò nílé, èéfín yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mo ń rùn bí ẹja yíyan. Wọn ò mọ̀ pé inú mi ń dùn sí òórùn náà, wọn ò sì mọ̀ pé ó ń bí mi nínú lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí èéfín náà kì í ṣe tèmi. Ti Mojí ni. Mo ti dàgbà báyìí, eyín mi kò pé mọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí lọ́kàn bí mo bá sọ ọ́ síta: ti Mojí ni. Àwọn kan wà nínú ẹbí wa tó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé òkú ti jẹrà, pé ìjọba ti yí padà láìmọye ìgbà. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan dù rí. Kí wọ́n jókòó kà á.

Ìyá bàbá mi ni Iye Àgbà. Iye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ pákó ní Sàpẹ́lẹ̀, ìyá mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú Iye Àgbà kí n lè kàwé nílé. Ilé ẹ̀yìn ni èmi àti Iye ń gbé. Ilé iwájú, èyí tó ní fèrèsé onígíláàsì, ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Kánsílọ̀, òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀. Mojí ni ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ó sì ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta nítorí bàbá rẹ̀ ní ìwé kò ràn án. Wọ́n ní kí n máa pè é ní Àǹtí. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí kò bá mọ pupuru, kí n sọ ọ́ fún un. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á sì mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ ìkókó. Wọ́n á tò ó sórí àjà, iná yóò máa rú èéfín sí i lábẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha dúdú náà kúrò, kí funfun inú rẹ̀ tó yọ. Ìró ọ̀bẹ yẹn ni agogo ilé wa. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, Iye Àgbà ti jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń ha á, há-há-há, Mojí jókòó tì í, òun náà ń ha tirẹ̀, há-há-há, mi ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu wọn. Èmi wà lórí ẹní, mo ń gbọ́ ọ̀bẹ méjì. Mo máa ń gbìyànjú láti mọ èyí tó jẹ́ ti Iye nínú méjèèjì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Àjà kan ṣoṣo ni gbogbo obìnrin agboolé ń lò, nítorí náà oníkálukú ní àmì tó ń fi sára pupuru tirẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó Bàbá Kánsílọ̀ kan ń fi igi ìgbálẹ̀ fa ìlà méjì sí i, èkejì ń fi ìka mẹ́ta gún un. Àtàǹpàkò ni Iye Àgbà ń tẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì ń jìn wọlé dáadáa. Àdá ti là á ní àtàǹpàkò nígbà tó wà lọ́mọge, àpá náà sì la àmì rẹ̀ sí méjì bí ẹnu ẹyẹ tó yà. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ tó ń gbé ẹja wá láti etí òkun kì í ra pupuru mìíràn lọ́jà. Wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á ní, “Ẹlẹ́nu ẹyẹ là ń wá.” Ẹnì kan ṣoṣo ni obìnrin ń fi àmì rẹ̀ lé lọ́wọ́ kó tó kú. Bó ṣe rí nílé wa nìyẹn.

Mo fẹ́ àmì yẹn. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn nílé ayé tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ọwọ́ sí ìkòkò ẹ̀gẹ́, Iye á lu ọwọ́ náà pẹ́. “Ọwọ́ ìwé kò gbọdọ̀ kan omi ẹ̀gẹ́. Lọ gbé pépà wá, Tíṣà mi.” Tíṣà ni ó ń pè mí. Inú mi ìbá dùn sí orúkọ náà bí kì í báá ṣe pé Mojí ló ń pè ní “ọwọ́ mi.” Ẹ gbọ́ o. Èmi ni Tíṣà, Mojí ni ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n lọ pọn omi, mo tẹ àtàǹpàkò tèmi mọ́ ẹyọ kan. Iye padà dé, ó wò ó, ó ní, “Ta ló fi ìka ìwé tẹ pupuru mi?” Mojí bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Iye, ó dà bí ẹni pé eku ló jókòó sí i.” Iye náà rẹ́rìn-ín. Ó pa àmì mi rẹ́, ó tún un mọ, ó sì fà á lé Mojí lọ́wọ́. “Ìwọ tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ kó jìn. Fi èékánná là á láàrin, torí o kò ní àpá.” Ojú mi ni ó ti fi àmì náà lé e lọ́wọ́ báyẹn, láìsí ayẹyẹ kankan, bí ẹni fún ọmọ ní ṣíbí. Iṣẹ́ Iye gan-an kò sì dúró. Ó kàn ń ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ẹlòmíràn.

Tèmi ni ìwé kíkà. Ní ọ̀sán, tí a bá ti jẹ pupuru àti ọbẹ̀ marúgbò, ọbẹ̀ dúdú tó máa ń korò díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, èmi a jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá Iye, n óò ka ìwé ìròyìn tí Bàbá Kánsílọ̀ bá ti lò tán fún un. Ọdún ìdìbò ni. Ẹgbẹ́ méjì ló ń jà. Ẹgbẹ́ Ọkọ́ ní ọmọ àgbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kàwé. Ẹgbẹ́ Àga, tó wà nínú ìjọba, ní ayé ti bàjẹ́ jù, àwọn yóò dá a padà sí bó ṣe wà láyé àwọn baba wa. Àwọn ìjòyè ni yóò máa yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún ìlú. Obìnrin kò ní jókòó sí ìgbìmọ̀ ọjà mọ́. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ yóò parí ní kíláàsì kẹrin fún àwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n lè tètè padà sí ìdí ààrò. Kíláàsì karùn-ún ni mo wà. Mo ka ibi yẹn fún Iye lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ká pépà. Lẹ́yìn náà ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Ọkọ́ ló bọ́ mi. Àga kò bọ́ ẹnikẹ́ni rí. Inú àpótí ọkọ́ ni ìbò mi ń lọ, bí ọmọ mi tilẹ̀ dúró níbẹ̀ tó ń wò mí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mi ò sọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹyin. Mojí ní àmì, mo ní àṣírí. Mo rò pé a ti di ọgbọọgba.

Bàbá Kánsílọ̀ ni olórí Ẹgbẹ́ Àga ní àdúgbò wa. Ó gbé rédíò rẹ̀ sójú fèrèsé, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè kí àwọn Ẹlẹ́gbẹ́ Ọkọ́ lè gbọ́ ọ lódìkejì ọ̀nà. “Àgbà ló ni àga!” ni yóò kígbe láàárọ̀ kó tó fọ ẹnu. Àwọn ìyàwó rẹ̀ á dáhùn pé, “Kí ọmọdé jókòó sílẹ̀!” Iye á wà nídìí ààrò rẹ̀, á ní, “Ẹ rọra jókòó o. Ẹni tó bá jókòó jù, ìdí á kú tipiri.” Bàbá á rẹ́rìn-ín, torí kò sí ohun tó lè ṣe fún ìyá rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Òkìtìpupa pé gbogbo ìbò agboolé òun, láti orí ìyá òun títí dé orí ìyàwó kékeré, ni yóò wọ àpótí àga láìku ẹyọ kan.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ikọ́ mú Iye. Ó wú u láyà, kò jẹ́ kó sùn, síbẹ̀ ó ń ti orí ibùsùn pàṣẹ iná. “Mojí, dín igi kù. Iná tó ń sáré kì í yan nǹkan, jíjó ló ń jó o.” Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, mo ní mi ò lọ sí ilé-ìwé. Ó ní, “Lọ. N óò dúró dè ọ́. A kò tíì ka pépà tòní.” Mo lọ. Ìṣirò ni a ń ṣe nígbà tó kú. Orí itan Mojí ló kú sí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nígbà púpọ̀ láyé mi, mo sì ń pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, mi ò pa á rẹ́. Èmi ni ó ní kí n lọ, Mojí ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, kò sí ohun tó fi hàn pé ikú wọlé. Èéfín ń jáde. Rédíò ń pariwo. Mojí wà nídìí iná, kò gbójú sókè. Bàbá Kánsílọ̀ ló dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá Iye, ó di èjìká mi mú. “Gbọ́ mi dáadáa. Iye ti lọ. Bí o bá sunkún, n óò fọ́ ọ létí.” Àwọn ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ìborùn di ẹnu ara wọn. Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà obìnrin bá kú, kò sí obìnrin ilé kan tó gbọ́dọ̀ jáde sí gbangba títí a ó fi sin ín. Bí ìlú bá gbọ́, ìbò agboolé Bàbá Kánsílọ̀ dòfo nìyẹn. Ìyàwó àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, òkú ńkọ́?” Bàbá ní, “Òkú wo? Iye kò tíì kú. Ọ̀la ló máa kú, tí a bá ti dìbò tán.”

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́. Kí Mojí má jẹ́ kí iná kú. Kí èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí n ka ìwé ìròyìn sókè bí mo ṣe ń kà á lójoojúmọ́. Ó yọ káàdì ìdìbò Iye lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ẹnì kan ni yóò mú èyí lọ lọ́la. Mo ti bá àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́, wọn ò ní bi í léèrè nǹkan kan.” Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi lọ. Mo mọ orúkọ Iye kọ.” Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ má sáré gbà mí láre. Òkú ìyá àgbà mi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, èmi sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ ṣe èrú, kí n ṣáà lè jẹ́ Iye fún ìdajì wákàtí. Bàbá ní, “Ọmọ kékeré bíi tìẹ. Àti pé ẹni tó mọ̀wé ti máa ń ní ìbéèrè jù. Mojí, ìwọ lo jọ ọ́. Ìwọ ni kó múra.”

Ni mo bá jókòó, mo sì ṣí pépà. Mo kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú, iye owó kòkó, ọkọ̀ tó ṣubú. Mo kà á sí òkú létí. Mo máa ń dúró níbi tí Iye ti máa ń sọ pé, “Irọ́ ni wọ́n ń pa,” n óò sì tún máa kà á lọ. Nígbà tó ṣe, mi ò rí lẹ́tà mọ́, omi ti kún ojú mi, mi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣàn. Ẹnu mi kò sì gbọdọ̀ dákẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìwé ìròyìn. “Ìròyìn tó dé láti Igbodigo sọ pé obìnrin àgbà kan ní ọmọ-ọmọ méjì. Ó sọ pé òun yóò dúró de ìkejì, kò sì dúró. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ Mojí. Wọ́n ń béèrè pé kí ni Mojí ṣe tí ẹnì kejì kò ṣe.”

Ohùn kan ní lẹ́yìn mi pé, “Tíṣà, pépà wo lèyí tí Mojí wọ inú rẹ̀?” Màmá Orímisàn ni, obìnrin Ìlàjẹ tó ń gbé ẹja wá fún Iye ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá Iye ni, wọ́n máa ń bú ara wọn kí wọ́n tó kí ara wọn. Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí aṣọ ìkélé, ó ní, “Arúgbó elépo lẹ́nu! O sùn ọ̀sán, o fi ọmọ síta kó máa pariwo? Mo gbé ẹja tó sàn ju ọkọ tó o fẹ́ lọ wá!” Ó dúró de èsì. Èsì Iye kì í pẹ́. “Ẹja rẹ ti kú kí wọ́n tó bí i,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń dáhùn. Màmá Orímisàn dúró. Ó wò mí. Mo tún gbé pépà sókè, mo ní, “Ọkọ̀ kan ṣubú...” ohùn mi sì já. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ilé iwájú, níbi tí rédíò ti ń kígbe àga, ó wo Mojí nídìí èéfín. Ó yan ẹja mẹ́ta tó tóbi jù nínú agbọ̀n, ó tò wọ́n sí ẹsẹ̀ aṣọ ìkélé, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́ pé, “Ó dáa, sùn o. Bí o bá jí, o máa rí i.” Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ, kò sì yà sí àjà wa láti ra pupuru lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ró ìró Iye fún Mojí, wọ́n fi ìborùn rẹ̀ bò ó lórí títí dé ipéǹpéjú. Nígbà tó gba iwájú mi kọjá, ó tẹ̀ bí Iye ṣe ń tẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ òsì gbá ìbàdí mú. Kì í ṣe àfarawé. Ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn ju bí mo ṣe kórìíra ikú lọ. Ilé-ìwé wa ni wọ́n ti ń dìbò. Lẹ́yìn aṣọ kan ni wọ́n gbé àpótí méjèèjì sí, wọ́n ya àga sára ọ̀kan, wọ́n ya ọkọ́ sára èkejì, ìwọ nìkan lo máa wọlé láti ju ìwé rẹ sí èyí tó wù ọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, tàdáwà wà ní àtàǹpàkò Mojí, ó dúdú bí ẹ̀yìn pupuru. Bàbá Kánsílọ̀ pa rédíò. Ó ní, “Ó yá, ẹ lè sunkún báyìí.” Àwọn ìyàwó rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ṣí omi. Mo fẹ́ sunkún, kò wá. Mo ti lò ó tán fún pépà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àgbàlá kún. Àwọn ará ìjọ ń kọrin, àwọn Ẹlẹ́gbẹ́ Ọkọ́ pẹ̀lú wà níbẹ̀, torí gbogbo ayé ló fẹ́ràn Iye. Wọ́n ń kí Mojí. Ìyá ìjọ kan gbá a mọ́ra, ó ní, “Ìwọ ni Iye fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún.” Kò sí ẹni tó kí mi. Mo ti dúró títí. Mo rìn gba àárín wọn kọjá, mo di ọwọ́ Mojí mú, mo gbé e sókè. Mo ní, “Ẹ wá wo ọwọ́ Iye! Ẹ wo tàdáwà! Àná ni Iye kú, òní ló dìbò!” Orin dúró. Mojí kò já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó kàn ń wò mí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ẹlẹ́gbẹ́ Ọkọ́ wo ara wọn, lẹ́yìn náà ariwo bẹ́. Wọn ò rí Bàbá Kánsílọ̀ mú, ó ti bá ọ̀nà oko lọ, ni wọ́n bá kọjú sí ohun tí wọ́n rí. Wọ́n wó àjà. Wọ́n fa òpó rẹ̀ tu, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ pupuru mọ́ ilẹ̀, gbogbo èyí tí Iye fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀, ẹnu ẹyẹ kan lé èkejì lórí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń kígbe pé kì í ṣe ìyẹn, kì í ṣe ìyẹn. Wọn ò gbọ́. A sin Iye láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín kò sì jáde lẹ́yìn ilé wa.

Rédíò sọ pé àga ló wọlé. Ó sọ ọ́ kí wọ́n tó ka ìbò tán lọ́dọ̀ wa. Bàbá Kánsílọ̀ padà sílé, ó ní òun kò fẹ́ rí mi mọ́, pé ohun tí ìwé ń sọ ọmọbìnrin dà nìyẹn. Bàbá mi wá mú mi lọ sí Sàpẹ́lẹ̀, níbẹ̀ ni mo ti kàwé mi parí. Kò pẹ́ tí àwọn sójà fi lé alága àti ọlọ́kọ́ lọ, ìwé tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi sì di tèmi. Wọ́n fi Mojí fún ọkọ kan ní Ìjù-Odò láàárín ọdún náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ìdìbò jẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé mo ti tú àṣírí èrú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́. Mi ò sọ fún wọn pé mo ti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán mi.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo lọ sí Ìjù-Odò. Wọ́n ní ara Mojí kò yá, mo sì fẹ́ rí i kí ẹnì kan nínú wa tó kú, kí n lè sọ fún un lójú rẹ̀ ohun tí mo ti ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó nídìí ààrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Tíṣà. O dé. O kò sì ní pè mí ní Àǹtí lónìí náà.” Mo ní, “Mi ò ní pè ọ́.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní ó gba ọwọ́ Iye, ó gba ikú Iye, ó sì gbé ìbò Iye lọ sínú àpótí tí Iye kórìíra. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, “Inú àpótí ọkọ́ ni mo jù ú sí.”

Ó ní, “Bàbá dúró níta, kò lè ríran kọjá aṣọ. Ohun tí Iye fẹ́ ni mo ṣe.” Mo bi í léèrè pé báwo ló ṣe mọ ohun tí Iye fẹ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. “Ó ti sọ fún mi. A jọ ń ha pupuru ni. Àbí o rò pé ìwọ nìkan ni Iye ń bá sọ̀rọ̀?” Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo gbé ọwọ́ rẹ sókè?” Ó ní, “Níwájú bàbá mi? Kó pa mí? O ti sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì tó.” Inú èmi tó gbọ́ ọ ìbá dùn. Àwọn tó mọ̀wé bíi tèmi yóò sọ pé ẹrù kúrò lórí mi. Rárá o. Èmi ni mo ka ìwé ìròyìn fún Iye títí ahọ́n mi fi gbẹ, òun tí kò lè ka àkọlé rẹ̀ ni ó wọ ẹ̀yìn aṣọ náà lọ tó ṣe ohun kan ṣoṣo tí Iye fẹ́ kó tó kú. Àṣírí mi pàápàá, a jọ ní i ni.

Ó na igi sí òkè ààrò rẹ̀, ó fa ohun kan sílẹ̀ láti inú èéfín, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Pupuru ni, ó dúdú, ó sì le bí òkúta. Ó ní ó yí lọ sábẹ́ àwọn igi lọ́jọ́ tí wọ́n wó àjà, pé òun kò jẹ́ kí èéfín kúrò lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo yí i. Àtàǹpàkò Iye wà níbẹ̀, àpá rẹ̀ là á láàrin, ẹnu ẹyẹ tó yà. Mo ti àtàǹpàkò tèmi bọ inú rẹ̀, ó tóbi jù mí lọ. Mojí ní, “Mú un lọ. Èmi ti ní ọwọ́ rẹ̀.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ohun tí mo fẹ́ ni kí Iye fún mi. Mi ò fẹ́ kí Mojí fún mi. Mo gbé e padà lé e lọ́wọ́, mo ní mi ò fẹ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó gbé e padà sókè, ó sì dín igi tó wà nínú iná kù.

Nínú mọ́tò tó ń gbé mi padà, mo gbé àtàǹpàkò mi sí imú. Mi ò fọ ọwọ́ yẹn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ìyẹn nìkan ni èéfín tó jẹ́ tèmi.